Ìtàn Ẹ̀rọ Gàrí: Owó Ìjọba àti Ọgbọ́n Wẹ́dà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá dúró ní ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Komu, ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, níbi tí iṣu, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn ènìyàn wa. Ìtàn ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti lè rí bí ìjọba ṣe ń náwó sórí ìwádìí, àti ibi tí owó náà kì í dé.

Ọwọ́ ni ìyá àgbà tí ó tọ́ mi fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní ìgbà èwe wọn. Páànù ni wọ́n ń fi ìṣó lu ní ihò, tí wọ́n á kàn án mọ́ pákó. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti kúrú tán lọ́wọ́, ìka ni páànù ń bù jẹ. Àpá rẹ̀ wà ní oríkèé ìka wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ẹni tí ó mú ẹ̀rọ dé, wọ́n ní, "Wẹ́dà ni, ọmọ mi. Ìjọba ha mọ ẹ̀gẹ́ bí?" Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ títí mo fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí mo sì kà á nínú ìwé pé ìjọba mọ ẹ̀gẹ́, ó sì ti náwó sórí rẹ̀ kí a tó bí bàbá mi.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò purọ́. Ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn Faransé mú ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ wọ Dàhòmì, tí orúkọ rẹ̀ di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lè ṣe gàrí tí a ó kó lọ tà lókè òkun. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì ilẹ̀ Nàìjíríà gba ọgbọ́n náà, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ó ti gbó àti àjákù irin ni ohun èlò wọn. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní kọ́bọ̀ ìwádìí. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lónìí, wọn a tún un ṣe lọ́la, àtúnṣe yẹn gan-an sì ni ìwádìí wọn.

Ní 1956 ni ìjọba dá ilé ìwádìí iṣẹ́-ọnà sílẹ̀ ní Òṣòdì, ní Èkó, èyí tí a mọ̀ sí FIIRO. Gàrí wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dáwọ́ lé. Ní 1959, P. Collard àti S. Levi tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn *Nature*, wọ́n sì ṣàlàyé pé ìpele méjì ni ẹ̀gẹ́ fi ń kan: àwọn kòkòrò àìfojúrí kan á kọ́kọ́ mú un kan, òmíràn á sì wá fún un ní òórùn àti adùn tí a mọ̀ mọ́ gàrí. I. A. Akinrele, tí ó di ọ̀gá àgbà ibẹ̀, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà ní àwọn ọdún 1960. Levi àti C. B. Oruche tilẹ̀ kọ ìròyìn kan lórí àtúnṣe olówó pọ́ọ́kú tí ó yẹ àwọn tí ń ṣe gàrí ní abúlé. Ẹ kò rí i pé wọn kò gbàgbé ará oko? Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn náà, inú ilé ìkàwé sì ni ó wà.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà nìyí. Nígbà tí a fẹ́ sọ ìmọ̀ Òṣòdì di ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ Newell Dunford ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀rọ ńlá a máa béèrè ẹ̀gẹ́ púpọ̀ lójoojúmọ́, oko ẹ̀gẹ́ wa sì kéré, ó fọ́n káàkiri, ọ̀nà kò dára, ẹ̀gẹ́ tí a bá wú a sì máa bàjẹ́ láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀rọ kékeré tí wẹ́dà jó pọ̀ ni ó bá ìwọ̀n oko wa mu, òun náà ni ó sì tàn ká abúlé.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a yin wẹ́dà ní àyìnjù. Omi ẹ̀gẹ́ kíkan a máa jẹ irin. Bí irin náà kò bá jẹ́ irú èyí tí kì í dípẹtà, ìpẹtà rẹ̀ á bá gàrí lọ. Ilé ìwádìí mọ èyí, ṣùgbọ́n wẹ́dà púpọ̀ ń lo irin tí ó bá rí. Ọ̀ràn kejì ni ti bíbó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ méjì kì í rí bákan náà: ọ̀kan wọ́, ọ̀kan tóbi nídìí. E. U. Odigboh ní Yunifásítì Nsukka ti ṣe ẹ̀rọ ìbógẹ̀ẹ́ ní àwọn ọdún 1970. Síbẹ̀, ní Komu, ọ̀bẹ ni àwọn ìyá wa ṣì fi ń bó o. Ọ̀mọ̀wé nìkan kò lè yanjú èyí, wẹ́dà nìkan kò sì lè yanjú rẹ̀.

Irú ọ̀ràn yìí ni ó mú Amẹ́ríkà ṣe òfin kan. Roland Tibbetts ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì wọn ní 1977. Ní 1982 ó di òfin. Òfin náà ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó bá ń náwó ìwádìí tí ó ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ lọ́dún sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ìta ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn kò ju 500 lọ. Ní 2017, ìpín náà ti di 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Qualcomm, tí ó di òmìrán nínú iṣẹ́ tẹlifóònù, jẹ nínú owó yìí nígbà tí ó ṣì kéré.

Àwa náà kò jókòó lásán. Ìjọba dá àjọ tí ń rí sí ohun èlò àbáláyé sílẹ̀ ní 1987, ó dá NASENI sílẹ̀ ní 1992, òfin 2022 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ tuntun sì pàṣẹ àpò owó tí kò gbọ́dọ̀ dín ní bílíọ̀nù 10 náírà lọ́dún. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni òfin náà ń wò. Wẹ́dà tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ńkọ́?

Ẹlòmíràn lè wí pé bí a bá gbé owó ìjọba lé wẹ́dà lọ́wọ́, yóò fi ṣe ìnáwó òkú. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ìpele ìpele ni wọ́n ń san án: owó díẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ dán èrò rẹ̀ wò, owó púpọ̀ fún ẹni tí èrò rẹ̀ bá yọrí, ní ìpele kẹta, ọjà ni yóò bọ́ ọ, kì í ṣe owó ètò náà mọ́. Ẹni tí kò bá yege ní ìpele kìíní kò ní rí ti èkejì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, iṣẹ́ wa ń bẹ níbẹ̀. Ìmọ̀ tí ìjọba ti san owó rẹ̀ ní Òṣòdì kò lè ran wẹ́dà lọ́wọ́ ní èdè tí kò gbọ́. Bí àwa tí ń kọ́ èdè bá sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ di Yorùbá tí ó yé ènìyàn, tí a sì padà wá gbọ́ ohun tí wẹ́dà mọ̀ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé, ọwọ́ yóò tó pẹpẹ, yóò sì wọ kèrègbè. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí àwọn ìyá wa ní Komu lè gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.