Ta Ló Fọ́ Soviet Union?

Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn léèrè pé ta ló fọ́ Soviet Union, Gorbachev ni wọn yóò dárúkọ. Àwọn mìíràn á ní Amẹ́ríkà ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ìpínlẹ̀ 15 ni ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì so pọ̀, kálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Òfin ìlú wọn sọ pé èyí tó bá wù lè kúrò. Ta ló jẹ́ dán an wò? Ìbẹ̀rù ni okùn tó dì wọ́n pọ̀. Owó epo rọ̀bì ni wọ́n sì fi ń ra àlìkámà, lọ́wọ́ Amẹ́ríkà pàápàá.

Ní 1986, owó epo já wálẹ̀ láti bíi dọ́là 30 sí bíi dọ́là 10 lórí àgbá kan. Àwa náà ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n lára. Ọdún yẹn ni SAP dé. Ṣùgbọ́n àwọn tún ń ja ogun Afghanistan láti 1979. Bíi 15,000 sójà wọn ló kú síbẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹrù wọn kúrò ní 1989.

Irọ́ ló wá tú okùn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin, 1986, ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl bú gbàmù. Ọjọ́ 18 kọjá kí Gorbachev tó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ojú tì wọ́n, ó sì túbọ̀ gba àwọn ènìyàn láyè láti sọ̀rọ̀. Ẹnu tó là náà kò pa dé mọ́. Ní oṣù kẹjọ 1989, bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn ní Estonia, Latvia àti Lithuania di ara wọn lọ́wọ́ mú lójú títì, tó gùn tó bíi kìlómítà 600: òmìnira làwọ́n ń fẹ́.

Ní oṣù kẹjọ 1991, àwọn ọ̀gá kan kó ọkọ̀ ogun wọ Moscow láti dá ìbẹ̀rù padà. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó forí ṣánpọ́n. Ní oṣù kejìlá, Ukraine dìbò. Ó lé ní 90 nínú 100 tó ní kí àwọn máa lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Gorbachev fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ẹni tó bá gbà pé ará òde ló wó ilé yóò fẹ́ fi ipá tún un kọ́. Ẹ wo ogun tí Rọ́ṣíà gbé wọ Ukraine ní 2022. Ìbẹ̀rù lè kó ènìyàn sínú ilé kan, ṣùgbọ́n kò lè sọ wọ́n di ọmọ ìyá.