Ọdún 37 Lórí Gìgísẹ̀ Ọmọ

Ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ladìde la fẹ́ sọ lónìí.

Bí a bá bímọ ní Ìlú Ọba níbí, ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, nọ́ọ̀sì á gún gìgísẹ̀ ọmọ, á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí páálí. Láti 1969 ni wọ́n ti ń fi í wá àìsàn kan tó ń jẹ́ PKU káàkiri, tó máa ń mú nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000. Ní England, fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó kéré tán. Síbẹ̀, ọdún 2006 ni àyẹ̀wò tiẹ̀ tó kárí gbogbo ọmọ tuntun níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀. Láti 1910 ni Dókítà James Herrick ti kọ̀wé nípa àìsàn náà ní Chicago. Nígbà tó di 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ọmọ tó ní in bá ń lo pẹnisílínì lójoojúmọ́, àkóràn tó máa ń pa wọ́n ní kékeré á dín kù ní ìdá 84 nínú 100. Pẹnisílínì lásán! Ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ fún, tí ẹ ò bá tíì mọ ọmọ tó ní in?

Nọ́ọ̀sì kan wà, Elizabeth Anionwu, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Kò ríbi kọ́ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn lórí àìsàn yìí níbí, Amẹ́ríkà ló ti lọ kọ́ ọ. Ní 1979, òun àti Dókítà Milica Brozovic dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Brent, ní London. Wọ́n á jókòó ti tọkọtaya, wọ́n á ṣàlàyé pé bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Kì í ṣe àbíkú, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn aláìsàn, òbí àtàwọn elétò ìlera dá ẹgbẹ́ Sickle Cell Society sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọn ò jẹ́ kí ìjọba sinmi.

Àwọn ọmọ 2006 ti dàgbà báyìí. Ìròyìn àwọn aṣòfin ní 2021 sọ pé bí irú wọn bá gbé ìrora dé ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń fura pé oògùn líle ni wọ́n wá gbà. Nítorí náà, kí ọmọ yín tó lọ sí yunifásítì, ẹ jẹ́ kí ìwé ìtọ́jú tí dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí wà nínú fóònù rẹ̀, àti nínú fóònù ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé.