Èsúsú: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìlú Púpọ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ èsúsú nínú ẹgbẹ́ yìí. Oṣooṣù ni a ń dá a, ẹni tí ó bá kàn a sì kó. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa lè má mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti rin ìrìn-àjò tí ó jìnnà ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Accra ni mo ti kọ́kọ́ fura. Báńkì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló rán wa lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nínú ọjà, mo rí ọkùnrin kan tí ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí ó ń gba owó, tí ó sì ń fàmì sí káàdì. Mo ní, "Alájọ rèé!" Ọmọ Ghana tí a jọ ń rìn ní susu ni àwọn ń pe iṣẹ́ náà. Mo ní ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n jí gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nínú èdè Twi, susu ni kí ènìyàn wọn nǹkan, tàbí kí ó rò ó wò. Ta ni kì í wọn owó rẹ̀ kí ó tó tọ́jú rẹ̀? N kò rí èsì fọ̀ títí mo fi délé.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ti ṣàlàyé èsúsú bí a ṣe ń ṣe é lónìí: iye kan, àkókò kan, ibì kan, olórí kan, kí oníkálukú sì máa kó o lẹ́sẹẹsẹ. Ní 1952, William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí èsúsú Yorùbá.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e sọdá òkun. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi gúnlẹ̀ sí Freetown, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Aku. Osusu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní 1838, wọ́n kó lára wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad. Níbẹ̀ ó di susu. Ṣùgbọ́n nítorí pé Faransé àdàlù ni ọ̀pọ̀ ń sọ ní Trinidad nígbà náà, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní sou-sou, wọ́n rò pé láti ara sou, kọ́bọ̀ àwọn Faransé, ló ti wá. Ní Bahamas, asue ni. Nílé níbí, àwọn Ìgbò ń pè é ní isusu.

Ẹ má dárúkọ rẹ̀ báyẹn ní Jamaica o! Partner ni wọ́n ń pe èsúsú níbẹ̀. Òfófó ni susu tiwọn. Bí ẹ bá sì dé Indonesia tí ẹ ní ẹ wá gba susu, wàrà ni wọn yóò gbé fún yín. Wọ́n kàn jọra lẹ́nu ni, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ti Ghana ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀wé lórí rẹ̀ gbà pé àwọn oníṣòwò Nàìjíríà ló gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yí padà lọ́nà. Èsúsú tiwa, kíkó lẹ́sẹẹsẹ ni. Susu ti ọjà Accra sábà máa ń jẹ́ ti alájọ, tí í mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún wàhálà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa dé ilé onílé, ó bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì bá owó mu. Àwàdà ọ̀rẹ́ mi kò burú rárá.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi kú sójú òkun? Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kò ní ilẹ̀, kò sì sí báńkì tí yóò yá a lówó. Ẹnìkejì rẹ̀ nìkan ló ní. Níbi iṣẹ́ mi, a ó gba onídùúró àti ohun ìdógò kí a tó yáni lówó. Èsúsú kò béèrè ju orúkọ rere lọ.

Ní ọdún kẹrin ẹgbẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa kó tirẹ̀ tán, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní kí a tú èsúsú ká. A jókòó, a sọ ọ́, a fún un ní àsìkò. Oṣù mẹ́rìnlá ni ó gbà á, ó sì san án tán. Ó wà láàrin wa lónìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí ó má baà di susu ti Jamaica.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń dábàá pé kí a fi èsúsú sílẹ̀ nítorí áàpù orí fóònù: ẹ jẹ́ kí a rò ó wò dáadáa. Àwọn àgbà ní èésú kò lérè, iye tí a bá dá ni a ń kó. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ti owó nìkan. Ẹ bi arákùnrin wa yẹn bóyá èsúsú lérè.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.