Ta Ló Kọ́ Ilé Yìí? Ìdí Tí Iṣẹ́ Bíríkìlà Ọ̀jọ́ Kò Fi Tíì Wọ Orí Fóònù



Ẹ ṣí Instagram yín, kí ẹ wá ẹni tó ń kun ojú fún ìyàwó. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti kún ibẹ̀. Ó yá, ẹ wá bíríkìlà ní Ìbà tàbí Òkókómáíkò. Ẹ ti rí i? Bẹ́ẹ̀ ilé ń dìde ládùúgbò wa lójoojúmọ́. Àwọn kan á ní torí pé àwọn oníṣẹ́ náà ò lajú ni. Kí a tó gba ìyẹn gbọ́, ẹ jẹ́ ká wo bí orúkọ oníṣẹ́ ilé ṣe ń dé etí oníbàárà láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bíríkìlà àti káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ nínú wọn. João Baptista da Costa jẹ́ ọ̀kan. Òun àti Sanusi Aka tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Ẹni tó bá rí irú ilé bẹ́ẹ̀ á béèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ?" Ẹnìkan á dáhùn, iṣẹ́ mìíràn á sì wọlé. Ọ̀nà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà Ọ̀jọ́ ṣì ń gbà rí iṣẹ́: ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló ń júwe wọn.

Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, nọ́ńbà fóònù di ohun tí oníṣẹ́ ń fi ọ̀dà kọ sára fẹ́ǹsì. Ìpè kò gba ìwé kíkà. Fóònù kékeré ti tó. Ṣùgbọ́n ohun tí Facebook àti Instagram ń béèrè ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni èdè. Òpópónà Àgbádárìgì tó gba Ọ̀jọ́ kọjá, ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lẹ táìsì tàbí tó ń ṣe POP ní Èkó, láti Kútọnú àti Lomé ni wọ́n ti wá. Faransé àti èdè ìlú wọn ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Oníbàárà á fi Gẹ̀ẹ́sì wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ò sì kọ Gẹ̀ẹ́sì síbì kankan. WhatsApp ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, torí láti ọdún 2013 ni èèyàn ti lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò ní nọ́ńbà rẹ kò lè ṣèèṣì rí ọ níbẹ̀.

Èkejì ni owó àti ara. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Lébìrà tó ń gba owó òòjọ́ á rò ó kó tó fi dátà gbé fídíò síta. Símẹ́ńtì sì máa ń jẹ ìka, débi pé fóònù tó ń fi ìtẹ̀ka ṣí lè má dá ọwọ́ olówó rẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù: bíríkìlà kọ́ ló ni ilé tó ń kọ́. Fọ́tò ìpìlẹ̀ tuntun lè pe ọmọ onílẹ̀ wá gba owó. Òfin dúkìá tí ìjọba Èkó fọwọ́ sí lọ́dún 2016 ta ko irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo kì í dúró de òfin. Bí ilé náà kò bá sì níwèé àṣẹ, fọ́tò yẹn di ẹ̀rí fún LASBCA, àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ l'Ékòó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Onílé á ní, "Ọ̀gá, ẹ má ya fọ́tò o." Ibẹ̀ ni ìpolówó parí sí.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀dà àti táìsì ni fọ́tò ń fi hàn, kì í fi irin inú òpó hàn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó lulẹ̀. Ó lé ní 40 èèyàn tó bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní kí o mú òun lọ wo ilé tí o ti kọ́ rí kì í ṣe ará oko. Ohun tó ń ṣe bọ́gbọ́n mu.

Síbẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò hàn ń pàdánù. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ṣí ìpele àkọ́kọ́ ọkọ̀ ojú irin Blue Line, láti Marina dé Mile 2, fọ́tò kún fóònù wa. A mọ gómìnà, a mọ ààrẹ, a mọ CCECC tó gbaṣẹ́ náà. Ta ló mọ àwọn tó tẹ irin? Ìpele kejì ló máa gbé e dé Òkókómáíkò. Ṣé báyìí náà ni yóò tún rí?

Ọwọ́ àwa tí a mọ fóònù lò ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ bá jẹ́ bíríkìlà, kọ́kọ́ bá a gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé. Ya irin kí kọnkéré tó bò ó, má dúró de ọ̀dà. Gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kí o fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀. Kí o wá fi oníbàárà méjì tó gbà kí wọ́n pe àwọn kún un. Nígbà náà, ẹni tó bá béèrè pé "Ta ló kọ́ ilé yìí?" á rí orúkọ, á sì rí ẹni tó máa jẹ́rìí sí i.

Ó dìgbà kan ná.