Ilẹ̀kùn Gbọ̀ngàn àti Owó Ìjọba: Hubert Ògúndé gẹ́gẹ́ bí Oníṣòwò Eré

Nínú ìjíròrò nípa ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún òṣèré tí ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, orí owó ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Ìtàn Hubert Ògúndé fi hàn pé ohun kan wà tí ó ṣáájú owó.

Ní 1944, nígbà tí Ògúndé ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, ó gbé eré ìjọ kan kalẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Glover, ní Èkó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, tí ó sì dá ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri sílẹ̀. Owó ìwọlé tí òǹwòran ń san ni ó fi ń gbé ẹgbẹ́ náà ró. Ó fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ má baà tú. Báyìí ni agbo ilé ṣe di ilé iṣẹ́.

Ní 1964, eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, bí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú. Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ náà jákèjádò ẹkùn wọn, títí di 1966 tí ìjọba ológun fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí ọ̀rọ̀ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ nìkan. Ṣùgbọ́n ètò ọrọ̀ ajé ni pẹ̀lú. Kì í ṣe eré kan ṣoṣo ni wọ́n dá dúró, ọjà ni wọ́n tì, nítorí ẹkùn náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ń gbé. Èkó, tí kò sí lábẹ́ àṣẹ náà, ṣì ṣí sílẹ̀ fún un.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ pe Ògúndé kan náà láti kó ẹgbẹ́ eléré orílẹ̀-èdè jọ. Ní 2013, wọ́n ya bílíọ̀nù 3 náírà sọ́tọ̀ fún Nollywood. Ní 2019, Báńkì Àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀yáwó kalẹ̀ ní èlé ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, tó mílíọ̀nù 50 náírà fún aṣefíìmù.

Ìgbésẹ̀ gidi ni wọ̀nyí. Síbẹ̀, láti ara owó òǹwòran ni a ó ti san ẹ̀yáwó padà, àṣẹ láti ti ilẹ̀kùn sì ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba: láti 1993 ni òfin ti dá àjọ tí ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀. Ẹni tí a yá lówó oko, tí a sì dí ọ̀nà oko mọ́, gbèsè lásán ni a dì lé e lórí. Ìdánilójú pé ilẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́.