Blériot àti Ẹ̀fúùfù Ẹ̀gbẹ́: Ìtàn Ìbalẹ̀ Méjì

Bí a bá dárúkọ Louis Blériot, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sábà máa ń rántí ni pé òun ni ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfúrufú elẹ́ńjìnì ré òkun tó wà láàrin ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1909. Ohun tí wọn kì í sábà rántí ni bí ó ṣe balẹ̀. Àwọn àgbà wa sì ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Òpin ìrìn-àjò náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 41 ní ìdájí, Blériot gbéra nítòsí Calais. Ọkọ̀ rẹ̀ fúyẹ́: igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sì ju agbára ẹṣin 25 lọ. Kò ní kọ́ńpáàsì. Ẹ̀fúùfù tì í kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ní láti tọ etíkun lọ kí ó tó dé Dover. Níbẹ̀, akọ̀ròyìn Faransé kan, Charles Fontaine, ń ju àsíá aláwọ̀ mẹ́ta láti fi ibi ìbalẹ̀ hàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù ń fẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí òkè náà. Blériot yípo lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó ku nǹkan bíi mítà 20, ó pa ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ já lulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣẹ́. Orí yọ ọkùnrin náà, kò farapa.

Kí ló mú kí ìbalẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ tó ń balẹ̀ gbọ́dọ̀ dín eré kù. Bí eré sì ti ń dínkù ni agbára awakọ̀ lórí ọkọ̀ ń dínkù. Bí ẹ̀fúùfù bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní vent de travers, yóò máa gbá ọkọ̀ fífúyẹ́ lọ. Awakọ̀ a kọ imú ọkọ̀ sí ẹ̀fúùfù díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí atukọ̀ lórí ọ̀sà Pọ́tónófò ti ń kọ imú ọkọ̀ rẹ̀ sí ìṣàn omi nígbà tí ó bá ń sọdá. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tún imú náà tọ́. Bí ẹ̀fúùfù bá ń le lójijì, tí ó tún ń rọ̀ lójijì, ohun tó tọ́ nísinsìnyí lè di àṣìṣe kí a tó ṣẹ́jú. Blériot mọ̀ nípa ewu yìí: ó ṣe ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà tí wọn yóò fi lè yí fúnra wọn bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀.

Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó lọ fò ní Constantinople, tí a ń pè ní Istanbul lónìí. Ẹ̀fúùfù ń jà, ṣùgbọ́n sùúrù àwọn ènìyàn tó péjọ ti ń tán. Blériot gbéra kí ó lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Orí ilé ni ọkọ̀ rẹ̀ já sí. Eegun ìhà rẹ̀ kán, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn èyí, ó fi eré ìdíje sílẹ̀, ó sì gbájú mọ́ kíkọ́ ọkọ̀.

Ní Dover, ẹ̀fúùfù nìkan ni ó bá a jà. Ní Constantinople, ojú ayé dara pọ̀ mọ́ ẹ̀fúùfù. Lónìí, a ń kọ́ awakọ̀ òfúrufú pé bí ìbalẹ̀ kò bá gún, kí ó tún gbéra, kí ó yípo, tàbí kí ó wá pápá mìíràn lọ. Kì í ṣe ìtìjú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ rántí pé àwọn tó ń pariwo nílẹ̀ kọ́ ni yóò bá yín já bọ́.