Fílánjì àti Páìpù Alágbára

Fílánjì ni àwo irin roboto tí wọ́n jó mọ́ ẹnu páìpù, tí wọ́n lu ihò yí ká, kí bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì lè dè é mọ́ èkejì rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń dí àárín wọn. Nọ́ọ̀tì tó dojú kọ ara wọn ni wọ́n ń fún tẹ̀lé ara wọn, díẹ̀díẹ̀, kí àwo náà má baà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, wọn a kọ́kọ́ ti fáàfù, wọn a fi àgádágodo sé e, wọn a sì tú ìfúnpá inú páìpù dànù. Síbẹ̀, nọ́ọ̀tì tó jìnnà sí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń dẹ̀ ṣáájú, torí ohun tó bá ṣẹ́kù sínú lè tú sí i lójú.

Yíyí ọ̀nà páìpù padà ló ṣòro jù. Ní oṣù Kẹta 1974, ọ̀kan nínú agbada irin ńlá mẹ́fà sán ní ilé iṣẹ́ Nypro, ní Flixborough, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cyclohexane tó gbóná tó 155°C ló ń ṣàn láti inú agbada kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n yọ èyí tó sán, ìkarùn-ún, kúrò, wọ́n sì fi páìpù 20 ínṣì so ìkẹrin mọ́ ìkẹfà, bẹ́ẹ̀ ẹnu agbada tó 28 ínṣì. Ìkẹfà rẹlẹ̀ ju ìkẹrin lọ, nítorí náà páìpù náà ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọrùn irin tó ń nà tó sì ń sún kì sì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ṣírò bí ìfúnpá yóò ṣe máa lọ́ irú páìpù bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà kò ju èyí tí wọ́n fi ẹfun yà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ. Ẹfun lásán! Ìfúnpá tí wọ́n fi dán an wò kò sì tó èyí tí fáàfù ààbò máa ń ṣí sí. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, páìpù náà já, gáàsì tú jáde, iná ràn án. Ènìyàn 28 kú, 18 nínú wọn sì wà nínú yàrá ìdarí.

Ti Piper Alpha, pèpéle ìwa epo ní Òkun Àríwá, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje 1988, kò nílò páìpù tuntun rárá. Wọ́n yọ fáàfù ààbò pọ́ǹpù kan fún àtúnṣe, wọ́n fi àwo irin tí kò lójú bo ẹnu páìpù, ṣùgbọ́n wọn ò fún un le. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ tí kò mọ̀ pé fáàfù ti kúrò tan pọ́ǹpù náà, gáàsì tú jáde, iná sì ràn án. Ènìyàn 167 kú. Ìgbìmọ̀ tí Lord Cullen darí dá àbá 106 lọ́dún 1990, ètò ìwé àṣẹ iṣẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n bá wí jù.